Ohun Tí Wọ́n Gé Lára Asimawu

Leeds,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, 2009.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù aléékúmù. Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú ìtọ́jú Màámi. Yìnyín ti bo gbogbo àdúgbò wa níhìn-ín, bàtà mi ò gbẹ láti ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n ara mi le.

Ilé ìlagi ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, mi ò fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí ariwo ayùn ti gba ìdajì etí yín, tí ẹ kì í gbọ́ fóònù àfi tí ẹ bá ṣí i sí gbangba, gbogbo ilé ló ń bá wa sọ ọ́. Màámi á wà nídìí ààrò, wọn á máa dáhùn ohun tí mo bi yín. Ẹ sì ti ní kí n má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orúkọ àìsàn yìí, pé kókó lásán lẹ sọ fún wọn pé wọ́n yọ lọ́yàn wọn. Mo gbà fún yín, àmọ́ kò dùn mọ́ mi.

Mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Jẹjẹrẹ ni, kò sí àní-àní. Wọ́n ti gé e kúrò, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ lè ti fọ́n síbi tí ojú kò tó. Oògùn tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tó máa ń mú irun re, gbogbo ara ló ń nà, àti ẹlẹ́ṣẹ̀ àti aláìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn kan wà báyìí tó jẹ́ pé jẹjẹrẹ nìkan ni wọ́n ń wá lọ. Àfi bí ẹni pé wọ́n kọ àdírẹ́sì sí wọn lára. Irú jẹjẹrẹ kan ní ọwọ́ púpọ̀ tó fi ń gba oúnjẹ. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń di àwọn ọwọ́ náà mú. Irú mìíràn wà tó jẹ́ omi ara obìnrin ló ń bọ́ ọ. Oògùn tirẹ̀ yàtọ̀. A ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti Màámi àfi ká yẹ ohun tí wọ́n gé lára wọn wò.

Ẹran náà ṣì wà ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn. Wọ́n ti rì í sínú àbẹ́là yíyọ́ kó má bàa bàjẹ́, kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Dókítà ní àwọn ò ní ohun tí wọ́n fi ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí, pé kí ẹ wá gbà á kí ẹ fi kúríà gbé e wá fún mi. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ẹ má tíì sọ fún Màámi pé mi ò ní lè wá fún Iléyá ọdún yìí. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn.

Ọmọ yín,
Ọmọ́títí.


Ilé Ìlagi, Òkè-Sopen,
Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹta, 2009.

Ọmọ́títí ọmọ mi,

Wàáléékúmù sàláámù. Lẹ́tà rẹ dé. Ẹ̀yìn òkìtì pákó ni mo ti kà á, mo tún un kà, mo sì fi pamọ́ sínú fìlà. Ìyá rẹ wà dáadáa. Ó lọ sọ́jà lánàá, ó gbé ẹja dé, ó ní kí ló dé tí mo ń wo òun bí ẹni tó ń wo ilé tó fẹ́ wó. Mo ní n kò wo nǹkan kan.

Má bínú sí ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ọgbọ́n mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá rẹ̀, ó lè jẹ́ òmùgọ̀ inú mi ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí n kò bá bi ọ́, n kò ní lè jẹun. Kí ni o fẹ́ fi ẹran ara ìyá rẹ ṣe?

Mo mọ ohun tí o kọ. Mo fún Mùbàṣírù tí a jọ ń lagi kà. Nígbà tó kà á tán, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ọláyíwọlá, ṣé àwọn Òyìnbó ò ní ẹran ara tiwọn ni?"

Mo ní oògùn ni wọ́n fẹ́ fi wá.

Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ fún ọ ní oògùn, oògùn ló máa gbé wá. Èwo ni kó kọ́kọ́ gba ẹran?"

Èmi fúnra mi wá rántí pé o sọ fún wa lọ́dún tó kọjá pé o tún ń kàwé gba oyè kan sí i, pé wọ́n ní kí o lọ wá nǹkan tuntun kọ. Ṣé ìyá rẹ ni nǹkan tuntun náà?

Tún gbọ́ èyí. Oògùn ibà tí mo ń lò ni Mùbàṣírù ń lò, òun náà ni ìyàwó rẹ̀ ń lò, kò sí èyí tó bi wá pé ọmọ ta ni wá. Oògùn wo ló wá ń mọ ilé? Ta ló kọ àdírẹ́sì sí i lára? Bí wọ́n bá sì ti mọ àdírẹ́sì ènìyàn tó báyẹn, kí ni wọn ò lè fi ránṣẹ́ síbẹ̀?

Bí inú bá bí ọ, mo ti bẹ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn. Fi lẹ́tà dáhùn, má pè.

Bàbá rẹ,
Ọláyíwọlá Ọládòṣù.

Bí o bá ráyè, wá ohun ìdítí ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí àwọn tó ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ máa ń lò lọ́dọ̀ yín. Díẹ̀ tó kù nínú etí yìí, mo fẹ́ fi dàgbà.


Leeds,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta, 2009.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ máa ń fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí Àgọ́-Ìwòyè nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tí òjò á pa wá, tí ẹ ó máa pariwo fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọmọ yín ń kọ́ nípa ohun tí ojú ò rí. Ohun tí ẹ ní kí n lọ kọ́ náà lẹ wá fi ń fura sí mi báyìí. Kòkòrò inú omi ni mo ń kọ ìwé oyè mi lé lórí. Kò kan Màámi, kò sì ní kàn wọ́n.

Ẹ bi mí pé oògùn wo ló ń mọ ilé. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín. Bí wọ́n bá já gẹdú sílẹ̀ níwájú yín, ṣé ẹ kàn ń tì í sẹ́nu ayùn ni? Mo ti rí yín. Ẹ ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá ìrókò ni tàbí àràbà, kí ẹ tó mọ eyín ayùn tí ẹ máa fi là á. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá lọ fún Màámi ní abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tiwọn, kò ní rí jẹjẹrẹ mú, ó sì lè pa ọkàn wọn lára.

Èmi náà ní ẹjọ́ tèmi. Bàbá Mùbàṣírù tí ẹ fún ní lẹ́tà mi kà mọ orúkọ àìsàn Màámi. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, èmi mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe nìkan ni kò mọ̀ ọ́n?

Ohun ìdítí yín wà nínú páálí tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba ẹran náà.

Ọmọ́títí.


Òkè-Sopen,
Ogúnjọ́, oṣù Kẹrin, 2009.

Ọmọ mi,

O kú òtútù o. Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wá ẹran náà títí, wọn ò rí i. Ó jọ pé wọ́n ti dà á nù. Jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kí dókítà wá fún un ní èyí tó bá wà nílẹ̀.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní kókó kan tún ń dun òun lábẹ́ apá. Mo ní igi ìdáná tó gbé ló fà á.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún, 2009.

Bàbá mi,

Mo pe yàrá àyẹ̀wò. Obìnrin tó gbé fóònù rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dárúkọ Màámi. Ó ní ọkùnrin kan ti wá gbà á ní ìparí oṣù Kẹta, pé lẹ́búlẹ́bú pákó kún inú irun rẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni tó ń bá ará òdìkejì odò sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin náà ní, "Ẹ fún mi ní ìyàwó mi," pé gbogbo wọn ló yíjú padà. Ó sì ní ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ìparí oṣù Kẹta. Oṣù Kẹrin lẹ kọ̀wé sí mi pé wọn ò rí i.

Níbo ló wà? Ta lẹ gbé e fún? Ìjẹ̀bú lẹ bí mi sí, mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ pé àwọn kan ń fi ẹran ara ènìyàn ṣe. Mi ò mọ bí mo ṣe máa parí gbólóhùn yìí fún bàbá tó bí mi. Ṣé ẹ tà á ni?

Kókó abẹ́ apá yẹn kì í ṣe ti igi ìdáná. Bí mi ò bá gbọ́ èsì, Màámi ni màá pè.

Ọmọ́títí.


Òkè-Sopen,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, 2009.

Ọmọ́títí,

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú lẹ́tà yìí. Mo kọ ọ́, mo fà á ya, mo tún kọ ọ́. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Èmi ni mo gba ẹran náà. N kò tà á. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n èmi tí mo kọ́kọ́ bi ọ́ ní irú rẹ̀, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bínú?

Ọ̀dọ̀ kúríà ni mo fẹ́ gbé e lọ lóòótọ́. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wò ó nínú ọ̀rá. Ó dà bí èérún ọṣẹ funfun, nǹkan rúsúrúsú kan wà láàárín rẹ̀. Ni mo bá ronú pé Asimawu rèé lọ́wọ́ mi. Ohun tó bá kúrò lára ẹ̀dá, ilẹ̀ la máa ń fún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa nílé kéú. Kí n wá gbé e sínú páálí, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, kí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́? N kò lè ṣe é. Mo bọ́ sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀ Ibiade, ìlú ìyá rẹ.

O mọ igi àgbọn tó wà lẹ́yìn ilé bàbá ìyá rẹ, níbi tí wọ́n ri ìwọ́ ìyá rẹ mọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Gbogbo ará ilé wà létí omi, wọ́n ń dúró de ẹja. Mo fi aṣọ funfun wé e, mo ṣe bísímílà, mo bò ó mọ́lẹ̀. Mo rò pé n kò tíì ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ sọ ti abẹ́ apá. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà rẹ dé, èyí tí o fi bi mí pé ṣé mo tà á. Mo mú àdá, mo padà sí Ibiade. Òjò ti yí ilẹ̀ náà padà, omi ti ń wọ ẹ̀yìnkùlé. Mo gbẹ́ níhìn-ín, n kò rí i. Mo gbẹ́ lọ́hùn-ún, n kò rí i. O sì mọ etí mi. N kò gbọ́ títí Sàláwù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, fi dúró lé mi lórí.

"Bàbá Títí, kí lẹ ń rì síbẹ̀ yẹn?"

Mo ní n kò ri nǹkan kan, mo ń wú u jáde ni.

"Ẹ ń wú u jáde! Ìgbà wo lẹ ti wá rì í?"

Ẹnu ara mi ni mo fi mú ara mi. Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ká ọwọ́ lérí: "Ẹ̀ẹ̀hẹ́n! Abájọ tí ara Asimawu ò ṣe dá! Ìdí ìwọ́ ẹ̀ ni ọkọ ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́!" Wọ́n gba àdá lọ́wọ́ mi. Wọ́n mú mi jókòó sórí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan tó ti fọ́, bí olè. Sàláwù ní, "Ẹ má sún kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ni ìwọ́ ń bọ̀." Ó ti pe ìyá rẹ.

Nígbà tó dé, ó wo kòtò, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá Títí, kí ni?"

Mo sọ ọ́. Mo ní jẹjẹrẹ ni, mo ní ohun tí wọ́n gé ni mo bò síbẹ̀, mo ní ìwọ ní kí n fi ránṣẹ́ kí o lè fi mọ oògùn rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe sọ ọ́, Títí. Ohun tí mo fi pamọ́ fún òun nìkan láti ọjọ́ yìí, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lójú omi gbọ́ ọ.

Kò sunkún. Ó ní, "Wọ́n gé mi lọ́yàn, ẹ wá rò pé mo ń dúró de ẹni tó máa ka orúkọ ẹ̀ fún mi? Mo mọ̀. Ẹ̀yin ni mo ń ṣọ́, pé ìgbà wo lẹ máa sọ ọ́." Ó ní, "Ibi ìwọ́ mi lẹ rò pé ẹ bò ó sí? Apá ibẹ̀ kọ́ ni ìwọ́ mi wà rárá. Ẹ gbé ara mi wá sílé, ẹ ò bèèrè yàrá mi."

Ó gba àdá lọ́wọ́ Sàláwù. "Lọ́jọ́ tí ẹ bò ó, ibo lẹ kọjú sí?"

Mo ní gábàsì, bí a ṣe máa ń kọjú sí i fún òkú.

"Apá omi lẹ wá gbẹ́ kòtò yín sí. Òdìkejì igi ló yẹ kẹ́ ẹ ti máa gbẹ́, Ọláyíwọlá."

Ibẹ̀ ló wà. Aṣọ ti rà, àbẹ́là ò rà. Igun rẹ̀ kan ti já, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ wà bó ṣe wà. Ìyá rẹ fi ìborùn rẹ̀ nù ún, ó sì wò ó pẹ́. "Èyí kékeré yìí?" ni gbogbo ohun tó sọ.

Sàláwù ní èèwọ̀ ni, pé ohun tí ilẹ̀ ti gbà, a kì í tún gbà á padà fún Òyìnbó. Ìyá rẹ ní, "Bọ̀dá mi, ara ta ni?"

Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún kúríà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi jókòó síta, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Kí lẹ́tà yìí tó dé, ó yẹ kó ti dé ọwọ́ rẹ. N kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti bà á jẹ́. Bó bá ti bàjẹ́, èmi ni mo ba oògùn ìyá rẹ jẹ́. Má ṣe fi pamọ́ fún mi. Mo ti rí ohun tí ìfipamọ́ ń ṣe.

Bàbá rẹ, bí o bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀,
Ọláyíwọlá.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, 2009.

Màámi ọ̀wọ́n,

Orúkọ yín ni mo kọ sẹ́yìn àpò lẹ́tà yìí, ilé ni mo sì fi ránṣẹ́ sí. Ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kejì. Ẹ foríjì mí. Mo ń sọ ti Bàbá mi, èmi náà sì ń kọ̀wé gba ẹ̀yìn yín kọjá.

Ẹ sọ fún wọn pé ilẹ̀ ò bà á jẹ́. Àbẹ́là pa á mọ́. Ẹni tó ń rẹ́ ẹ bi mí pé iyẹ̀pẹ̀ wo ló wà ní igun rẹ̀, mo ní ti ilé wa ni, ó rò pé mo ń ṣeré.

Èsì rèé, bó ṣe rí gan-an ni mo kọ ọ́. Abẹ́rẹ́ tí mo ti ń sáré lé láti ọjọ́ yìí kì í ṣe tiyín. Àwọn ọwọ́ tó ń wá kò sí lára èyí. Ká ní a fún yín, ọkàn yín nìkan ni ì bá máa bá jà. Irú èyí tí omi ara obìnrin ń bọ́ ni tiyín. Hóró oògùn kékeré kan ló ń dí i lọ́wọ́, ẹ ó máa lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún. Ilé oògùn tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ń tà á. Ṣùgbọ́n nítorí kókó abẹ́ apá, dókítà ní ẹ ní láti kọ́kọ́ gba oògùn tó máa ń mú irun re. Ó máa rẹ̀ yín. Mi ò sọ pé hóró yẹn máa lé e lọ títí ayé, dókítà náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó mọ ibi tó ń lọ.

Ó ṣẹ́kù díẹ̀ nínú àbẹ́là náà. Mo máa fi kúríà dá a padà fún yín.

Ọmọ yín tó ń tọrọ àforíjì,
Ọmọ́títí.


Òkè-Sopen,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹjọ, 2009.

Ọmọ́títí,

Àlàáfíà la wà. Mo ti gba oògùn àkọ́kọ́. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo dìde. Irun mi ń re. Bàbá rẹ ń ṣà á jọ lórí ìrọ̀rí, ó rò pé n kò rí òun. N kò mọ ibi tó ń rì í sí, n kò sì bi í.

Ohun ìdítí tí o fi ránṣẹ́ dé. Kì í lò ó níbi iṣẹ́. Ìgbà tí mo bá ń bá a jà ló máa ń kì í bọ etí.

Mo ti ra hóró náà sílẹ̀ de ìgbà tí dókítà bá ní ó tó. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, mo wò ó, mo fura sí i. Ohun tó kéré tó báyìí, ó ní òun mọ ọ̀nà inú ara mi, èmi tí mo ni ín kò mọ̀ ọ́n! Bàbá rẹ ní kí òun kọ́kọ́ bá mi tọ́ ọ wò. Mo ní omi ara obìnrin ló ń bá jà o. Ó gbé e sílẹ̀ kíá. Èmi ó lò ó. Ìwọ ló yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe Mùbàṣírù.

Ti èyí tó ṣẹ́kù nínú àbẹ́là, má fi kúríà ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni ara mi máa gba ọwọ́ àlejò. Mo ti lọ sí Ibiade, mo fi ibi tí ìwọ́ mi wà han Sàláwù, a gbé òkúta lé e. Ọdún kẹjọ rèé tí o ti ń kọ̀wé sí wa pé ó di Iléyá tó ń bọ̀. Bàbá rẹ ò sọ ti ọdún yìí fún mi, o ò sì tíì sọ ọ́, àmọ́ mo ti mọ èyí náà.

Gbé e dání wá fún mi. Èmi ni màá gbẹ́ ilẹ̀, ìwọ ni wàá bò ó.

Bí o bá fi ránṣẹ́, màá dá a padà sí ọ.

Ìyá rẹ,
Asimawu.